Eegun Tí Màmá Alágbàfọ̀ Wẹ̀

Abẹ́rẹ́ ni gbogbo ilé ìwòsàn ńlá náà ń pè é. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ló sì ń ṣe. Kí ni kí wọ́n tún máa wá orúkọ mìíràn kiri fún? Yàrá ìránṣọ wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ̀rọ ti ń fọ aṣọ ibùsùn, fèrèsé kan ṣoṣo ló sì ní, ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá níta nìkan ni ènìyàn sì ń rí níbẹ̀. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni Abẹ́rẹ́ fi jókòó sídìí máṣíìnì nínú yàrá yẹn, tó ń rán aṣọ fún àwọn dókítà oníṣẹ́-abẹ. Ó mọ èjìká wọn ju bí ìyàwó wọn ti mọ̀ ọ́n lọ. Ó mọ èyí tí apá ọ̀tún rẹ̀ gùn ju tòsì lọ, ó mọ èyí tí ikùn rẹ̀ ti yọ, tó ṣì ń fi agídí béèrè fún ìwọ̀n ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Bí wọ́n bá sì pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ kú àárọ̀ lásán ni, wọn ò mọ̀ pé ẹni tó ń bo àṣírí àwọn ló ń lọ yẹn.

Aṣọ tó ń rán jù lọ ni aṣọ aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi ń bo aláìsàn tí wọ́n bá fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún, tó ní ihò kan láàárín. Inú ihò yẹn ni dókítà ti ń ṣe gbogbo ohun tó bá fẹ́ ṣe. Abẹ́rẹ́ ti gé irú ihò bẹ́ẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún lọ, ó ti ṣẹ́ etí gbogbo wọn, kò sì rí ohun tó wà lábẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo rí. Àfi lọ́jọ́ tí wọ́n sáré pè é sókè pé aṣọ kan ti ya, wọn ò sì rí òmíràn tó mọ́ nítòsí. Wọ́n dé e ní fìlà, wọ́n bò ó ní imú, wọ́n ní kó dúró sí yàrá ìta kó bá wọn gán èyí tó ya. Ó gán an tán, ó gbójú sókè, ó sì rí inú lọ́hùn-ún láti ojú gíláàsì ilẹ̀kùn. Ó rí aṣọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán. Nínú ihò tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé, ọkàn ènìyàn ló wà níbẹ̀ tó ń mì, pupa, rírin, tó ń lọ tó ń bọ̀, tí kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Abẹ́rẹ́ ò lè kúrò níbẹ̀. Orí rẹ̀ wú, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó ronú pé òun ti gbé irú nǹkan yìí sáyà fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, òun ò sì kí i kú iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nọ́ọ̀sì kan ló fà á lápá kó tó rántí pé òun níṣẹ́ nísàlẹ̀.

Onígbàjámọ̀ ni ọkọ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí Abẹ́rẹ́ sọ fún un tìtìjú-tìtìjú pé òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ dókítà, ó ń nu abẹ ìfárí lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Orí ènìyàn ni iṣẹ́ mi," ló wí. "Mo mọ orí tó lè gbé ìwé. Lọ ra ìwé."

Ó rà á. Ó fi ọdún mẹ́ta lọ sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́, ó ń lẹ ojú ewé ìwé mọ́ ògiri níwájú máṣíìnì, ẹsẹ̀ ń tẹ̀, ọwọ́ ń rán, ojú ń kà. Ó bí ọmọ kejì láàárín rẹ̀. Ó ṣe ìdánwò, ó fìdí rẹmi. Ó tún un ṣe, díẹ̀ ló kù kó wọlé. Ìgbà kẹta ni lẹ́tà dé. Ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn gbà á, ẹni ọdún márùndínlógójì, abiyamọ ọlọ́mọ méjì.

Lẹ́tà náà gùn. Ó ní ìlú mìíràn ni ilé-ẹ̀kọ́ wà, ìrìn odindi ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n wọn yóò fún un ní ilé oníyàrá méjì nítorí pé ó ní ìdílé. Ó ní àwọn tó ti ìdí iṣẹ́ ọwọ́ wọlé gbọ́dọ̀ ti mọ eegun ara kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà kí wọ́n wá yá àpótí eegun kọ̀ọ̀kan lọ sílé, eegun ènìyàn gidi, tí wọ́n ti fi ọ̀dà sàmì sí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, olùtọ́jú eegun yóò yẹ àpótí wò, yóò sì yẹ ẹni tó gbé e wá wò. Ìlà tó kẹ́yìn ni Abẹ́rẹ́ kà títí tó fi há a sórí: ẹni tó bá sọ ọ̀kan nù tàbí tó bà á jẹ́, ààyè rẹ̀ yóò di ti ẹni tó tẹ̀lé e.

Ó lọ gbé àpótí náà wá. Ó gbé e lé itan nínú bọ́ọ̀sì láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹni tó jókòó tì í sì rò pé bàtà tuntun ni. Nígbà tó ṣí i nílé, òun àti ọkọ àti ọmọ dúró yí i ká. Agbárí ló wà lókè. Wọ́n ti sín eegun ìka ọwọ́ sórí okùn kí ó má baà sọnù. Níbi tí iṣan kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ lára eegun, ọ̀dà pupa wà níbẹ̀. Níbi tó parí sí, búlúù. Nọ́ńbà wínníwínní wà káàkiri bí èèrà. Abẹ́rẹ́ mú eegun itan, ó gbé e lé itan ara rẹ̀, ó sì bá a mu géẹ́. Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù tó ní ọ̀wọ̀ nínú. Ẹnìkan ti fi èyí sáré rí. Ẹnìkan ti fi í kúnlẹ̀. Ó wo eegun ìbàdí, ó ṣí ìwé, ó wo bó ṣe fẹ̀ tó, ó sì sọ fún wọn pẹ̀lú ohùn kékeré pé obìnrin ni.

Ẹni tí kò dúró wò ó ni ìyá ọkọ rẹ̀, Màmá Alágbàfọ̀. Ogójì ọdún ni Màmá yìí fi fọ aṣọ fún àwọn ẹlòmíràn, òfin kan ló sì fi ṣe é, òfin tí kò ṣe é bá a jiyàn lé lórí: ohun ìdọ̀tí kò gbọdọ̀ jáde lọ́wọ́ òun. Nígbà tí wọ́n wá ń múra àtikó, gbogbo ohun tó bá máa wọ páálí ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ omi. Ó fọ aṣọ fèrèsé, ó fọ ìrọ̀rí, ó fọ bọ́ọ̀lù ọmọ, ó fọ bẹ́líìtì ọmọ rẹ̀ títí tí bẹ́líìtì náà fi sún kì. Díẹ̀ ló kù kó fọ páálí fúnra rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ní òun ò lè jókòó pẹ́ lójú kan nínú ilé yìí mọ́, torí bí òun bá tòògbé pẹ́nrẹ́n, orí okùn ni òun máa jí sí.

Ṣùgbọ́n ti àpótí yìí, Màmá ò ṣeré rárá. "Èmi àti òkú ò ní jọ gbé abẹ́ òrùlé kan," ló wí, ó sì kó aṣọ tirẹ̀ jáde kúrò nínú páálí tí wọ́n ti dì. Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ọmọ kékeré, tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá nítorí pé ariwo rẹ̀ ló ń darí ilé, kò tíì pé ọdún kan, Màmá ló sì máa wà pẹ̀lú rẹ̀ bí ìyá rẹ̀ bá lọ sí kíláàsì. Láìsí Màmá, ààyè tí Abẹ́rẹ́ fi ọdún mẹ́ta wá ti bọ́ nìyẹn. Ó bẹ̀ ẹ́, ọkọ bẹ̀ ẹ́, wọ́n gbé àpótí náà jáde lọ sábẹ́ àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, wọ́n fi aṣọ bò ó. Màmá ṣì fapá jánú.

Ẹni tó wá yanjú ọ̀rọ̀ náà, tó sì dá wàhálà ńlá mìíràn sílẹ̀, ni ọmọ àgbà, ọmọbìnrin ọlọ́dún méje tí wọ́n ń pè ní Agbẹjọ́rò nítorí pé ìbéèrè rẹ̀ kì í tán. Ọjọ́ Ẹtì ni. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ọkọ̀ akẹ́rù ń bọ̀, ọjọ́ Ajé sì ni ẹ̀kọ́ máa bẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ti lọ dágbére fún àwọn ará yàrá ìránṣọ. Bí wọ́n ṣe rò ó fún un lẹ́yìn náà, Agbẹjọ́rò jókòó ti ìyá àgbà rẹ̀ lẹ́bàá ẹ̀rọ omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó béèrè bóyá obìnrin inú àpótí náà bímọ. Màmá ní òun ò mọ̀. Ó béèrè bóyá ó lórúkọ. Màmá ní kò sí ẹni tí kì í lórúkọ. Ó béèrè pé ta ló wẹ̀ ẹ́ gbẹ̀yìn. Màmá fún aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbẹ, ó sá a, ó sì ní kí ọmọ lọ gbé omi gbígbóná wá.

Aago méjì ọ̀sán ni Abẹ́rẹ́ wọlé. Òórùn ọṣẹ ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Wọ́n ti tẹ́ aṣọ ibùsùn funfun sílẹ̀ nínú oòrùn, gbogbo eegun sì wà lórí rẹ̀, wọ́n tò wọ́n láti ńlá dé kékeré, wọ́n ń dán. Màmá jókòó sórí àpótí ìjókòó kúkúrú, ó tẹ́ aṣọ ìnura sórí itan, agbárí náà wà lórí rẹ̀, ó ń fi òwú fi ìpara pa á níbi tí etí ìbá wà, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó ní kó má bínú. Ó ní ọwọ́ òun le díẹ̀ ni, ó ti ń mọ́, ó kù díẹ̀.

Abẹ́rẹ́ dúró pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́, kò fẹ́ kí ilẹ̀ dún lábẹ́ bàtà òun. Ó ti rí àwọn nọ́ọ̀sì tó ń wẹ aláìsàn, àwọn tó mọ iṣẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n kò rí irú èyí rí. Ìyá àgbàlagbà yìí tí kò fẹ́ rí òkú sójú ló gbé orí òkú lé itan yìí, bí ẹni gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Fún ìgbà díẹ̀ kò rántí ohunkóhun mìíràn. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sínú báàfù, ó sì rí i pé omi ibẹ̀ ti di elése àlùkò.

"Màmá," ló wí, "àmì ara wọn dà?"

"Àmì wo?"

"Pupa yẹn. Búlúù yẹn. Àwọn nọ́ńbà."

"Ìdọ̀tí yẹn?" Màmá rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín ẹni tó borí ọ̀tá. "Ó lágídí o. Omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ni mo fi bá a jà. Wọ́n ti fìyà jẹ obìnrin yìí, Ìyàwó. Wọ́n kọ nǹkan sí i lára bí ẹni kọ nǹkan sára ògiri."

Abẹ́rẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò pariwo, ìbá sàn kó pariwo. Ó yọ lẹ́tà jáde nínú báàgì, ó sì ka ìlà tó kẹ́yìn fún Màmá. Kí ó tó kà á tán, Màmá ti fi aṣọ ìnura bo agbárí náà. Kò wo ojú ìyàwó ọmọ rẹ̀.

"Mi ò fọ̀ ọ́ bí aṣọ," ló wí. "Ọmọ ló bi mí pé ta ló wẹ̀ ẹ́ gbẹ̀yìn, mi ò sì lésì. Mo ní bó bá máa bá wa kó lọ, kò gbọdọ̀ bá wa lọ ní ìdọ̀tí."

Ẹ wá sọ fún mi, irú ẹjọ́ wo ni ènìyàn fẹ́ bá ẹni tó sọ báyìí rò? Abẹ́rẹ́ bínú, mi ò ní purọ́. Òwe ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn tó fẹ̀gún sọ́wọ́ ti gun orí ahọ́n rẹ̀, ó sì gbé e mì. Ohun tó ń dùn ún gan-an ni pé Màmá ti gbà láti bá wọn lọ, ohun tó fi gbà sì ni ohun tó lè má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ mọ́. Ó wọ inú ilé lọ, ó dojú kọ ògiri tí wọ́n ti yọ gbogbo nǹkan kúrò lára rẹ̀, ó sunkún díẹ̀, ó sì bọ́jú.

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ dé, ó wo báàfù, ó wo ìyá rẹ̀, kò sì dá àpárá kankan. Ó ní bí omi bá dànù tí agbè ò bá fọ́, a ó tún òmíràn pọn. Ó ní Agbẹjọ́rò ní ọ̀dà pupa àti búlúù nínú páálí ìwé rẹ̀. Ìwé sì wà. Kí wọ́n jókòó kí wọ́n tún àwọn àmì náà kùn, ta ló máa mọ̀? Abẹ́rẹ́ ronú sí i. Ó tilẹ̀ mú búrọ́ọ̀ṣì kékeré náà dání. Lẹ́yìn náà ó ronú kan ẹni tó máa yá àpótí yìí lẹ́yìn òun, tó máa kọ́ àṣìṣe òun bí òtítọ́, tó sì máa gbé àṣìṣe náà dé orí aláìsàn kan tó sùn sábẹ́ aṣọ aláwọ̀ ewé. Ó dá búrọ́ọ̀ṣì padà. Ó ní òun ò ní kun ohun tí òun ò mọ̀, bó ṣe rí ni òun máa gbé e lọ.

Ṣé kí wọ́n má lọ ni? Wọ́n ti dá kọ́kọ́rọ́ ilé padà. Onígbàjámọ̀ mìíràn ti gbé àga rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù ọkọ, ẹlòmíràn sì ti jókòó sídìí máṣíìnì Abẹ́rẹ́. Ohun tó bá yá kì í tún pẹ́ mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta wọ́n kó ẹrù wọn tó mọ́ tónítóní sínú ọkọ̀ akẹ́rù, ọkọ jókòó ti awakọ̀, ìyókù wọ bọ́ọ̀sì.

Nínú bọ́ọ̀sì yẹn ni nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ tí Abẹ́rẹ́ ò retí. Ó mú eegun apá kan jáde, ó fi aṣọ bò ó kí ẹ̀rù má baà ba èrò, ó sì ń fi ìka wá ibi tí ọ̀dà pupa wà tẹ́lẹ̀. Ìka rẹ̀ rí i. Ojú eegun gan-an dìde díẹ̀ níbẹ̀, ó rí ṣákaṣàka bí ojú ìránṣọ tí wọ́n tú. Iṣan tó fi ọ̀pọ̀ ọdún fa eegun yẹn ló fi ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ síbẹ̀. Ó wá ibi búlúù, ó rí kòtò kékeré kan. Ó rí ihò tínńtín tí òpó ẹ̀jẹ̀ gbà wọlé, ihò tí ọ̀dà ti dí pa látọjọ́ yìí. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ sí i lára, ó ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹnu yà á. Ó ti ń ka ọ̀dà fún oṣù kan gbáko, kò wo eegun lẹ́ẹ̀kan. Ó fi ọjọ́ náà àti ọjọ́ kejì kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìka, ojú dídì, Agbẹjọ́rò sì ń di ìwé mú, ó ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bí adájọ́.

Ilé tuntun wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta, ògiri rẹ̀ funfun, ìmọ́lẹ̀ ń wọlé láti ojú méjì. Màmá ò jẹ́ kí wọ́n tú ẹrù kankan. Ó jókòó sórí páálí, ó gbé Ọ̀gá lé itan, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ibi tọ́rọ̀ já sí. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kó tó di pé Abẹ́rẹ́ gbé àpótí, Màmá ti wọ bàtà. Ó ní òun tí òun fọ nǹkan ni wọ́n máa bi. Abẹ́rẹ́ ní rárá, ọwọ́ òun ni wọ́n fi àpótí náà sí. Wọ́n jọ lọ ṣá, Màmá pọn ọmọ, wọ́n sì ní kó jókòó sórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Yàrá eegun gùn bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn. Láti ilẹ̀ dé àjà, àpótí onígi ni, nọ́ńbà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Abẹ́rẹ́ ka orí pákó kan, ó jẹ́ ogójì. Ogójì ènìyàn lórí pákó kan ṣoṣo. Gbogbo wọn ti bínú rí, gbogbo wọn ti sáré rí kí òjò má baà ká wọn mọ́ta, wọ́n wá dákẹ́ síbí yìí kí ẹlòmíràn lè fi ara wọn mọ ara. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀. Ó kàn kí wọn nínú ara rẹ̀ ni, bí ẹni wọ ilé àgbà.

Olùtọ́jú eegun jẹ́ bàbá kúkúrú kan tó wọ aṣọ funfun, awò ojú rẹ̀ so mọ́ okùn lọ́rùn. Ó ṣí àpótí náà. Òórùn ọṣẹ jáde. Bàbá náà wo inú rẹ̀, ó gbé awò ojú wọ̀, ó tún wò ó.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Ọwọ́ mi ló wà, sà," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Èmi ni kí wọ́n bi."

Ó ṣàlàyé pé nígbà tí àwọn ń kẹ́rù ni wọ́n fọ̀ ọ́, pé gbogbo àmì ti lọ, pé òun kọ̀ láti tún un kùn nítorí òun ò mọ̀ ọ́n tó. Kò dárúkọ Màmá. Bàbá náà mú eegun kan, ó nà án sí i. Abẹ́rẹ́ pe orúkọ rẹ̀, ó sọ ti ọ̀tún tàbí ti òsì, ó fi ìka tọ ibi tí iṣan ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tó parí sí. Bàbá nà òmíràn sí i. Báyìí ni wọ́n ṣe lọ fún bí wákàtí kan, ojú bàbá náà ò tú ká, kò sì le sí i. Abẹ́rẹ́ ṣi méjì nínú eegun ọrùn ọwọ́, ó mọ̀ pé òun ṣì í, òógùn sì bo imú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà bàbá mú eegun tó dábùú láti ọ̀fun lọ sí èjìká, ti apá òsì. Ó yí i lọ́wọ́, ó sì dúró. Ó gbé e lọ síbi fèrèsé. Ó fi àtàǹpàkò pa á lọ pa á bọ̀ níbi kan láàárín, níbi tó wú kókó.

"Kí nìyí?"

Abẹ́rẹ́ ti rí kókó yẹn nínú bọ́ọ̀sì. Ó ti wá a títí nínú ìwé, kò sí níbẹ̀. "Mi ò mọ̀, sà," ló wí, ó sì dá a lójú pé ibí yìí ni ọ̀rọ̀ òun parí sí.

"Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń yá àwọn ọmọ ní àpótí yìí," ni bàbá náà wí, ó dà bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ọ̀dà búlúù ló wà níbí. Mi ò rí i rí."

"Ó ti ṣẹ́ rí ni."

Wọ́n yíjú padà. Màmá ló dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké lórí bẹ́ńṣì, Màmá sì dìde kó lè rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Bàbá náà béèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀.

"Mo ní irú ẹ̀," ni Màmá wí. "Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà yẹn, mò ń gbé agbọ̀n aṣọ tútù sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, mo sì já bọ́. Nígbà tí mò ń wẹ̀ ẹ́ ni mo ti rí i. Mo rò pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé ti mọ̀." Ó fa ọrùn aṣọ rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. "Ìyàwó, wá. Fọwọ́ kàn án."

Abẹ́rẹ́ sún mọ́ ọn, ó sì fi ìka méjì kàn án. Ó tọ eegun náà láti ọ̀fun, lábẹ́ awọ tó ti rọ̀, ó sì bá kókó náà láàárín, bí èyí tó wà lọ́wọ́ bàbá náà gan-an. Ó gbóná. Ó ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀ bí Màmá ṣe ń mí. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń rán aṣọ fún Màmá, ọdún mẹ́sàn-án ló sì ti ń gé èjìká òsì ní ìbú ìka kan kéré sí tọ̀tún kí aṣọ má baà yọ̀ sílẹ̀. Ó rò pé bí Màmá ṣe máa ń dúró ni. Kò béèrè rí. Orí rẹ̀ wú títí dé ẹ̀yìn ọrùn. Ara ọmọ ọdún mẹ́tàlá kan ti so eegun ara rẹ̀ pọ̀ nínú òkùnkùn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ, ó sì ti ń gbé ẹrù aṣọ aláṣọ lé e láti ìgbà náà.

Bàbá náà ti jókòó sídìí tábìlì. Ó ṣí ìwé ńlá kan, ó ń sọ ohun tó ń kọ bó ṣe ń kọ ọ́. Ó ní ohun tí òfin sọ ni ẹni tó bà á jẹ́. Èyí ò bàjẹ́. Ó ní àwọn àmì yóò padà, ní ìparí ọdún, nígbà tí ẹni tó yá àpótí bá ti mọ ibi tí wọ́n ń lọ, ẹni náà fúnra rẹ̀ ló sì máa kùn wọ́n lójú òun. Ó ní kó lọ tún eegun ọrùn ọwọ́ kọ́. Ó yí ìwé náà padà, ó fi ìka han ìlà tí orúkọ rẹ̀ wà, ó sì na bírò sí i.

"Fọwọ́ sí i," ló wí. "Kíláàsì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀."

Abẹ́rẹ́ gbọ́ ọ. Ó mọ̀ pé ohun tí òun ń wá láti ọjọ́ yìí ni wọ́n nà sí òun yẹn, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára Màmá.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ló wí. "Ẹ dúró fún mi díẹ̀."